Bí Àáró Ṣe Wọ Ìwé Òfin Yunifásítì

Ọdún méjì gbáko ni Ràsáàkì fi ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣe òfin ẹ̀kọ́ ní yunifásítì tuntun tó wà lójú ọ̀nà Ìpàpó, kò sì la ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe pé kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Kì í sì í ṣe pé ojú ń tì í pé kíláàsì kẹrin lòun ti fi ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Inú ló ń bí i. Nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà wọ ọgbà náà, katakata wọn wó igi irúgbá kan tí ìyá rẹ̀ ti ń ṣa irú lábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégbénró, alága ìgbìmọ̀, rẹ́rìn-ín músẹ́ lọ́jọ́ náà, ó ní, "Bàbá, igi kan ṣoṣo mà ni."  Ràsáàkì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé, ó ká a pamọ́ sínú bí ẹni ká aṣọ sínú àpótí, ó sì ń yọ ọ́ wò láràárọ̀.

Gbogbo ìpàdé ló ń wá. Á jókòó sí àga tó kọjú sí alága gan-an, á sì máa wò ó títí ìpàdé á fi tú. Bí wọ́n bá gbé míìtì-páì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá, á jẹ míìtì-páì, á ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí alága lè mọ̀ pé inú òun kò tíì rọ̀ tán.

Ohun tó gbé e dé àárín wọn kò ṣòro. Ìdílé rẹ̀ ló fún yunifásítì nílẹ̀, ìwé àdéhùn ilẹ̀ náà sì sọ pé ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀ yóò máa bá ìgbìmọ̀ jókòó, àti pé ìwé òfin kankan kò ní fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí ilẹ̀ náà láìjẹ́ pé ẹni náà fọwọ́ sí i. Òfin ibi tí màlúù lè gbà àti ibi tí wọ́n lè gbẹ́ kànga sí ni lọ́yà tó kọ ọ́ ní lọ́kàn. Àmọ́ kò kọ màlúù síbẹ̀, kò kọ kànga. "Ìwé òfin kankan" ló kọ.

Fàrídà, àbíkẹ́yìn Ràsáàkì, wà ní ọdún kẹta níbẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa ọ̀gbìn ló ń kọ́. Ní ìgbà ọyẹ́, ọ̀kadà gbé e ṣubú lójú ọ̀nà Ìwéré-Ilé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti ààbọ̀ lọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun. Ìgbà tó fi máa tiro padà dé, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Nínú ọgbọ̀n kíláàsì tí wọ́n ń ṣe nípa ìmọ̀ ilẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ wá sí mẹ́tàlélógún kó tó lè jókòó ṣèdánwò. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni tirẹ̀. Méjì ló kù. Tó bá wá sí méjèèjì, mẹ́tàdínlógún ni, ó ku mẹ́fà. Bí kò bá sì ṣe ìdánwò yẹn, yóò tún gbogbo ọdún náà ṣe.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ tó rọrùn ni," ni Fàrídà wí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó na ẹsẹ̀ tó kán sórí àpótí. "Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégbénró lágbára láti fi mẹ́fà yẹn jì mí. Ó ní kí òbí mi ṣáà wá bá òun, kó ṣàlàyé."

"Kí n lọ bá ta ni?"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégbénró."

"Ẹni tó wó igi ìyá mi."

Àwáwù, ìyàwó rẹ̀, ń yọ ìdọ̀tí lára ẹ̀wà. Ó gbé igbá kalẹ̀. "Bàbá Mojeed, ọ̀rọ̀ ọmọ yín là ń sọ, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ igi. Igi yẹn ti di èédú, a ti fi se ẹ̀wà jẹ. Ẹ̀yin gan-an lẹ rù ú wálé."

"Mo rù ú wálé kí ó má bàa ṣẹ́ kù sí wọn lọ́wọ́ ni. Mi ò ní bẹ̀bẹ̀. Tí òfin bá le, à á yí òfin."

"Ta ló máa yí i?" ni Fàrídà béèrè.

 Ràsáàkì ti ń rántí pé ìwé òfin tuntun fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, àti pé àwọn aláyẹ̀wò láti Àbújá ń bọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e láti wá wo ìwé náà.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, Mosúnmọ́lá, akọ̀wé ìgbìmọ̀, ń ka àwọn òfin lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ pé ó dára, ó ń ka òmíràn. Ó dé orí òfin kẹrìnlá: "Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá wá sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo kíláàsì kò gbọdọ̀ jókòó ṣèdánwò."

"Ó dára," ni alága wí.

"Kò dára."

Gbogbo wọn wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn gbé fóònù rẹ̀ sókè wò bóyá ibẹ̀ ni ohùn ti jáde. Àṣé Ràsáàkì ni.

"Bàbá!" ni alága wí, ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu. "Ẹ káàbọ̀ o. Kí ló dé tí kò dára?"

"Tí kò bá lè wá ńkọ́?"

"Tí kò bá lè wá, kò wá náà nìyẹn."

"Tó bá rán ènìyàn ńkọ́?"

"Tó rán ènìyàn síbo?"

"Sí kíláàsì. Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọmọ Ìsẹ́yìn ni yín, kì í ṣe òyìnbó ló bí yín. Ṣé bàbá yín bá wọn dá àáró rí?"

"Ó dá a. Ta ni kì í dá àáró nígbà yẹn? Òní lóko tèmi, ọ̀la lóko tìrẹ."

"Lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ kò yá, tí àáró sì kàn án láti lọ, kí ló ṣe?"

Alága ronú díẹ̀. "Ó rán mi lọ."

"Ṣé wọ́n lé yín padà?"

"Wọn ò lé mi."

"Ebè tí ẹ kọ lọ́jọ́ náà, ṣé wọ́n kà á sí tiyín àbí ti bàbá yín?"

"Ti bàbá mi ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n ebè..."

"Mosúnmọ́lá, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ní ti bàbá òun ni."

Mosúnmọ́lá kọ ọ́ sílẹ̀. Obìnrin tí kì í fi nǹkan falẹ̀ ni, ohun tí wọ́n bá ti sọ ló ń kọ.

"Ebè yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́," ni alága wí. "Ẹni tó bá jókòó nínú kíláàsì ni ẹ̀kọ́ ń wọ̀ lórí. Bí ẹ bá jókòó dípò ọmọ yín, orí yín ló ń wọ̀."

"Níbo lẹ kọ ọ́ sí nínú òfin yín pé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ wọ orí ẹnikẹ́ni? Ẹ ní kí wọ́n wá. Wíwá nìkan lẹ sọ."

Mosúnmọ́lá ṣí ìwé náà síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn, ó fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. "Òótọ́ ni, sà," ló wí. "Kò sí níbì kankan. Wọ́n ní kí wọ́n wá, wọ́n ní kí wọ́n múra dáadáa, wọ́n ní kí wọ́n má ṣe jẹ gúgúrú. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa orí."

Alága bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó rọ ohùn sílẹ̀. "Bàbá Mojeed, mo mọ ohun tó ń ṣe yín. Fàrídà ni. Ẹ kàn sọ pé 'ẹ jọ̀ọ́' lẹ́ẹ̀kan, níbí yìí, mo máa fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀." Ó ti fa báírò yọ.

Ràsáàkì wo báírò náà títí. Ó rí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ lórí àpótí, ó sì rí gbòǹgbò irúgbá tó dojú kọ sánmà. "Mi ò bá tẹnikẹ́ni wá," ló wí. "Òfin ni mo bá wá. Bí ẹ ò bá yí i, mi ò ní fọwọ́ sí ìwé náà, kí àwọn ará Àbújá yín wá bá a bẹ́ẹ̀."

Ibi tí ọ̀rọ̀ yí nìyẹn. Bí ẹni tó kọ́kọ́ jíròrò rẹ̀ bá ti rẹ́rìn-ín ni, ọ̀rọ̀ náà ìbá ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé kì í fi àbá rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan ní ó yẹ kí wọ́n sọ bóyá ẹni tí wọ́n máa rán gbọ́dọ̀ mọ̀wé. Wọ́n ní rárá, ìyẹn yóò ká àwọn òbí lọ́wọ́ kò. Òmíràn béèrè bóyá wọ́n lè rán ewúrẹ́. Wọ́n jiyàn ewúrẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú, wọ́n sì kọ ọ́ pé kó jẹ́ ènìyàn. Obìnrin kan láti ẹ̀ka ìmọ̀ òfin ní kí wọ́n fi kún un pé kó wà láàyè. Wọ́n fi kún un. Ràsáàkì fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n kọ ọ́ pé ẹni tó bá ti pa kíláàsì jẹ sẹ́yìn lè kó èèyàn púpọ̀ wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni tó pa àáró jẹ ṣe ń kó ọmọ ìyá rẹ̀ méjì dání wá lọ́jọ́ kejì, àti pé ẹni tí wọ́n bá rán ni yóò máa jẹ́ orúkọ ẹni tó rán an.

"Ẹ tún kọ ọ́," ló wí, "pé akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ san án padà. Iṣẹ́ ọjọ́ kan fún ẹnì kan. Kó pẹ́ jù, ọjọ́ ìdánwò. Àáró tí kò bá san, ìjókòó yẹn ti di òfo."

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí á fi ìyẹn sí i?" ni alága béèrè. "Ó lè le o."

"Ẹ fi sí i. Ìdílé wa kì í ṣe alágbe."

Wọ́n fi sí i. Ràsáàkì mú báírò tirẹ̀ jáde láti àpò, nítorí kò ní fi ti alága kọ̀wé, ó sì fọwọ́ sí ìwé òfin náà.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ràsáàkì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ ọgbà yunifásítì. Òun fúnra rẹ̀ ni ẹnì kìíní. Àwáwù ni ìkejì, ó wọ ìró tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ Iléyá. Ẹnì kẹta ni Fádáre, ọdẹ, ẹgbẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tó gbé ìbọn dání tí ajá rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e. Ẹnì kẹrin ni Beauty, aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, tó kó ṣòkòtò tí kò tíì ṣẹ́ létí tán wá kó lè máa fọwọ́ rán an níbẹ̀. Ẹnì karùn-ún ni ẹ̀gbọ́n Fádáre tí kì í gbọ́ràn dáadáa mọ́. Mojeed, àkọ́bí Ràsáàkì, ni wọ́n ní kó ṣe ìkẹfà, ó ń bọ̀ láti Adó-Àwáyè.

Ní géètì, wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ Fádáre. "Ajá ńkọ́?" ni aṣọ́nà béèrè.

"Òun náà ń bọ̀ ní kíláàsì," ni Fádáre wí. "Ẹ ní kó wà láàyè. Ẹ wò ó, kò wà láàyè ni?"

"Wọ́n ní kó jẹ́ ènìyàn, Fádáre," ni Ràsáàkì wí.

"Ìwọ Ràsáàkì, ìwọ lo lọ kọ òfin tó lé ajá mi. Mo ti gbọ́."

Nínú gbọ̀ngàn, Ọ̀mọ̀wé Ọ̀ṣúnyẹmí, olùkọ́ ìmọ̀ ilẹ̀, ṣí ìwé orúkọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Nígbà tó dé orí "Fàrídà Ràsáàkì!" ohùn márùn-ún ló dáhùn, ti ọdẹ kan wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Fádáre kò gbọ́, àfìgbà tí wọ́n gbá a nígbọ̀nwọ́ tó pariwo pé, "Èmi Fàrídà rèé o!" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Fàrídà tòótọ́, tó jókòó láàárín wọn, fi ìwé bojú.

Ọ̀mọ̀wé Ọ̀ṣúnyẹmí ti ka òfin kẹrìnlá ní àárọ̀ yẹn, ó sì jẹ́ ẹni tó bẹ̀rù òfin. Ó ka orí wọn. "Fàrídà mẹ́fà," ló wí. "Ìkan ti ara rẹ̀, márùn-ún tí ó rán. Ó ku ẹyọ kan tí mo gbọ́ pé ó yẹ kó wà níbẹ̀."

Mojeed kò tíì dé. Táyà ọ̀kadà rẹ̀ ti jò ní ìdájì ọ̀nà. Ràsáàkì ń wo ẹnu ọ̀nà, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ náà nìkan ni gbogbo wọn lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, òfin sì ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n lè kó èèyàn wá. Bí ìkẹfà kò bá jókòó, Fàrídà ku ẹyọ kan, márùn-ún yòókù kò sì wúlò fún nǹkan kan.

Ìgbà náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégbénró yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbọ́ ariwo, ó fẹ́ wá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kó tó la ẹnu, ó gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn aláyẹ̀wò láti Àbújá lẹ́yìn ara rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká wo kíláàsì yìí." Ó wo ọdẹ, ó wo ṣòkòtò lọ́wọ́ Beauty, ó wo ìró Iléyá. Kò sí bí ó ṣe fẹ́ dúró kí wọ́n máa bi í. Ó ku àga kan ṣoṣo nínú gbọ̀ngàn náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àwáwù. Ó sáré lọ jókòó síbẹ̀, ó sì tẹ orí ba.

"Méje," ni Ọ̀mọ̀wé Ọ̀ṣúnyẹmí wí, ó sàmì. "Fàrídà pé."

Àwọn aláyẹ̀wò wọlé. Wọn kò rí àga kankan tó ṣófo. Ní gbogbo yunifásítì tí wọ́n ti dé, wọn kò tíì rí irú rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Ọ̀ṣúnyẹmí ń kọ́ wọn bí àgbàrá ṣe ń kó ojú ilẹ̀ lọ, Fádáre sì nawọ́, ó ní irọ́ ni, ó ní ihò ẹmọ́ ni kó yẹ̀ wò tó bá fẹ́ mọ ibi tí omi ń gbà. Olùkọ́ ní kò sí ihò ẹmọ́ nínú ìwé. Fádáre ní ẹni tó kọ ìwé kò pa ẹmọ́ rí. Àríyànjiyàn náà gba gbogbo kíláàsì, kò jẹ́ kí Fàrídà rí nǹkan kan kọ sílẹ̀. Àwọn aláyẹ̀wò kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ máa ń béèrè ìbéèrè tó jinlẹ̀, àwọn àgbàlagbà sì pọ̀ láàárín wọn.

Ó yẹ kí ayọ̀ wà nílé Ràsáàkì lọ́jọ́ náà. Ó wà fún wákàtí méjì. Lẹ́yìn náà ni sísan àáró bẹ̀rẹ̀.

Ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹni tí wọ́n bá jẹ ní àáró ló ń mú ọjọ́, bó ṣe wà láyé bàbá wọn nìyẹn, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí tirẹ̀ pẹ́. Kajú ń já bọ́ nínú oko Fádáre. Ó ní kí Fàrídà wá ṣà á láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní tòun náà ń já bọ́. Beauty ní ogójì aṣọ ilé ìwé tó fẹ́ kí wọ́n ṣẹ́ létí. Ẹsẹ̀ Fàrídà wú, abẹ́rẹ́ sì dá ihò sí i níka. Lọ́jọ́ kẹrin Àwáwù sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun ti dárí tòun ji ọmọ òun.

"O ò lè dárí jì í," ni Ràsáàkì wí. "Ó ti wà nínú ìwé. Bí kò bá san, ìjókòó rẹ ti di òfo."

"Èmi ni mo bí i, Bàbá Mojeed!"

"Òfin kò mọ ẹni tó bí i."

Ni Fàrídà bá dín gààrí fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ kan gbáko, èéfín ń wọ̀ ọ́ lójú. Lọ́jọ́ karùn-ún ó gbé ọkọ́, ó lọ sí oko bàbá rẹ̀. Ràsáàkì ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Wọ́n jọ ro ilẹ̀ lọ títí ó fi di ọ̀sán tí wọ́n jókòó jẹun.

"Bàbá," ni Fàrídà wí, "mo ti ní méjìlélógún kíláàsì báyìí, ó ku èyí tó kẹ́yìn nìkan."

"Mo mọ̀."

"Mi ò sì tíì ṣí ìwé kan ṣoṣo láti ìgbà tí mo ti ní in."

Ràsáàkì jẹ èkuru rẹ̀, kò wò ó.

"Ẹ̀ ń gbọ́ mi, Bàbá? Ká ní ẹ lọ bá bàbá yẹn ni, ẹ sọ pé 'ẹ jọ̀ọ́', mo ti ń kàwé nílé."

"Ro ibi tó kù," ni Ràsáàkì wí. Ṣùgbọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọkọ́ rẹ̀ ń bọ́ sórí ibi tí ó ti ro tẹ́lẹ̀, kò sì mọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ti mọ òfin kẹrìnlá. Nígbà tí ó di ọjọ́ kíláàsì tó kẹ́yìn, Fàrídà nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú gbọ̀ngàn. Àwọn yòókù jẹ́ ọlọ́kadà, onídìrí, ẹni tó ń tún rédíò ṣe, àti ìyá kan láti Ìpàpó tó gbé ọmọ pọ̀n, tí ó sì bínú nígbà tí wọn kò ka ọmọ náà mọ́ ọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn wà lóko káàkiri, wọ́n ń san àáró. Ọ̀mọ̀wé Ọ̀ṣúnyẹmí kọ́ wọn délẹ̀. Ó ní òun kò ní irú kíláàsì tó ń tẹ́tí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ó wá ku àáró kan, ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégbénró. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti bá àwọn aláyẹ̀wò lọ sí Àbújá láti ọjọ́ tí wọ́n ti wá, àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò gan-an ló dé. Ràsáàkì àti Fàrídà ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, Mosúnmọ́lá sì dúró tì wọ́n, ìwé òfin lábẹ́ apá rẹ̀.

"Èmi? Mo dárí jì í," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Kó lọ ṣèdánwò rẹ̀."

"Òfin kò sọ ìdáríjì, sà," ni Mosúnmọ́lá wí.

"Iṣẹ́ wo lẹ ní?" ni Ràsáàkì béèrè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún méjì tí ó bi Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọ̀rọ̀ tí kò ní ìjà nínú.

"Mi ò ní oko, Bàbá. Aṣọ mi, wọ́n ti fọ̀ ọ́. Mọ́tò mi, dírẹ́bà ló ń fọ̀ ọ́." Ó ronú títí. "Iṣẹ́ tí mo ní lónìí ni kí n ṣọ́ ìdánwò ìmọ̀ ilẹ̀."

 Fàrídà kò lè máa ṣọ́ ìdánwò kó tún máa kọ ọ́.

"Ó lè rán ènìyàn," ni Mosúnmọ́lá wí.

"Mo rán bàbá mi," ni Fàrídà wí kíákíá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ káàdì ọrùn rẹ̀, ó nà án sí Ràsáàkì. Fọ́tò rẹ̀ wà lára rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá. Ràsáàkì gbé e kọ́rùn bí ẹni gbé ejò kọ́rùn.

Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò, Mosúnmọ́lá ṣí ìwé àwọn tó ń ṣọ́ ìdánwò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti tò síta; wọn kò lè wọlé títí àwọn olùṣọ́ á fi jẹ́ orúkọ wọn. Ó pe ti Ọ̀mọ̀wé Ọ̀ṣúnyẹmí, ó dáhùn.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégbénró!"

Ràsáàkì wo òkè.

"Bàbá, ẹ̀yin ni," ni Mosúnmọ́lá wí. "Ẹni tí wọ́n bá rán ni yóò jẹ́ orúkọ ẹni tó rán an. Ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ ọ́."

"Pè mí ní Ràsáàkì."

"Ràsáàkì kò sí nínú ìwé àwọn olùṣọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégbénró!"

 Láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ń wò ó, kò rẹ́rìn-ín. Fàrídà dúró níwájú ìlà, ó gbé ẹsẹ̀ tó wú náà sókè díẹ̀ kúrò nílẹ̀, báírò méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó dáhùn. Ó kàn ń wò ó bí ènìyàn ṣe ń wo ọkọ̀ tó fẹ́ mọ̀ bóyá yóò dúró.

"Mo máa pè é lẹ́ẹ̀kẹta, màá sì pa ìwé dé," ni Mosúnmọ́lá wí. "Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégbénró!"

"Èmi rèé," ni Ràsáàkì wí.

"Ẹ sọ ọ́ sókè, sà."

"Mo ní èmi rèé! Èmi Adégbénró rèé!"

Mosúnmọ́lá sàmì. Wọ́n ṣílẹ̀kùn.

Àwọn ọlọ́kadà méjì àti onídìrí kan wà nínú àwọn tó fẹ́ wọlé. Ràsáàkì na ọwọ́ dí wọn. "Ẹ̀yin, níbo?"

"Ìdánwò ni, Púrọ́ọ̀fù. Wọ́n rán wa ni."

"Kíláàsì ni mo sọ, n ò sọ ìdánwò. Ẹ lọ pe ẹni tó rán yín."

"Ẹ̀yin náà, wọ́n rán yín ni!" ni onídìrí wí.

"Ó wà nínú òfin," ni Ràsáàkì wí, ó lé wọn.

Fàrídà jókòó, wọ́n fún un ní ìwé ìdánwò. Ràsáàkì dúró sí ẹ̀yìn àwọn àga, ó ń wò ó. Ó rí i tó kọ díẹ̀, tó dúró. Ó rí i tó fi àtàǹpàkò ra ìka ìfábẹ̀là, tó ń wo afẹ́fẹ́, tó tún rà á. Ràsáàkì mọ nǹkan tí wọ́n bi í lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí kò tilẹ̀ lè ka ìwé náà. Wọ́n ń bi í bí ènìyàn ṣe ń fi ọwọ́ mọ ilẹ̀ tó ní amọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ yanrìn. Ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́ ni. Omi ló kù. Ó ní láti fi omi sí i kó tó rà á, kó wò ó bóyá yóò nà bí okùn. Àtàǹpàkò gbígbẹ ni Fàrídà ń rà.

Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. Ọ̀mọ̀wé Ọ̀ṣúnyẹmí ti ń tòògbé. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú sí ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, káàdì náà sì mì lọ́rùn rẹ̀. Orúkọ ẹni tó wà lára rẹ̀ ló máa bàjẹ́ tí wọ́n bá mú un. Ó ronú lé ìyẹn lórí díẹ̀, nítorí inú rẹ̀ dùn sí i. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó rìn lọ sí ìparí gbọ̀ngàn, ó kọjú sí ògiri. Kò lè dúró síbẹ̀. Ó rìn padà. Ó tún lọ. Ó lọ, ó bọ̀ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí méjì àbọ̀, bàtà rẹ̀ ń dún lórí sìmẹ́ǹtì. Ẹ̀ẹ̀kan tó bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé Fàrídà ti fi ìka kan ahọ́n, ó tún rà á, ó sì bẹ́ sórí ìwé, ó ń kọ, kò tún gbé orí sókè mọ́.

Nígbà tí wọ́n gba ìwé tán, Ràsáàkì dá káàdì padà fún ẹni tó ni ín, ó sì lọ bá ọmọ rẹ̀ lábẹ́ òrùn.

"Ṣé o kọ ọ́?"

"Mo kọ mẹ́rin nínú márùn-ún, Bàbá. Mo rò pé màá yege."

"Kí ló ṣe ìkarùn-ún?"

"Púrọ́ọ̀fù tó ń ṣọ́ wa yẹn ni. Ó ń rìn jù. Kò jẹ́ kí orí mi pé."

Fàrídà ń rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Ràsáàkì kò rẹ́rìn-ín. Ó wò ó títí, ó ká ọ̀rọ̀ náà pamọ́, ó yíjú sí ọ̀nà ilé. Nígbà tí wọ́n délé, ó jókòó kọjú sí ọmọ rẹ̀ gan-an, Àwáwù gbé oúnjẹ àti omi wá fún wọn. Ó jẹ oúnjẹ náà tán. Omi tí Fàrídà bù fún un, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá Mojeed," ló wí, "bá mi sọ fún ọmọ rẹ pé kó lọ sinmi ẹsẹ̀ rẹ̀."